Kọ́mà Òkè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ránṣọ gba ṣọ́ọ̀bù tuntun ní Agége, ó sì ní kí n bá òun dúró ti ọmọkùnrin tó ń kọ sáínbọ́ọ̀dù, kó má baà kọ ìkọkúkọ. Èmi ni wọ́n ń pè ní akọ̀wé nínú ẹbí wa. Ohunkóhun tó bá ti ní lẹ́tà nínú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Ọmọkùnrin náà ti kun pákó rẹ̀ ní funfun, ó ti fi pẹ́ńsù àti rúlà fa ìlà, ó kọ LADIES, ó dúró. Ó yíjú sí mi, ọ̀dà ń kán lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kọ́mà òkè yẹn, ṣé kó tó kan ẹ̀sì ni àbí lẹ́yìn ẹ̀sì?”

Mo ní lẹ́yìn ẹ̀sì. Ó fi í síbẹ̀. Iye lẹ́tà ló fi ń ka owó iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ka kọ́mà mọ́ ọn, ọ̀fẹ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń wò ó. “Ti King's College ńkọ́? Mo máa ń rí i tí mo bá kọjá ní Èkó. Ṣáájú ẹ̀sì ni tiwọn wà.”

Mo ní ọba kan ṣoṣo ló ni ti ibẹ̀ yẹn, àwọn obìnrin tí wọ́n ń ránṣọ fún níbí pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀sì kan náà mà ni, ẹ̀gbọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀sì kan náà ni lóòótọ́. Ẹni tó bá gbọ́ “ladies” àti “lady's” àti “ladies'” kò lè mọ èwo ni èwo, nítorí bákan náà ni ẹnu ń pè wọ́n. Ojú nìkan ló ń rí ìyàtọ̀ wọn. Àlàyé tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Èyí tó kù ni mo fẹ́ ṣe níbí.

Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í para dà. Ìwé kan, ìwé méjì, ìwé ọgọ́rùn-ún, ìwé náà ni ìwé. Bí a bá fẹ́ kó hàn pé wọ́n pọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ó ti wá nǹkan kún un: a lè fi “àwọn” síwájú, a lè fi “wọ̀nyí” sẹ́yìn, a sì lè pe ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bíi ká sọ pé ilé ńlá ńlá. Bí nọ́ńbà bá ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó gbọ́ “ewúrẹ́ márùn-ún” kò tún béèrè bóyá wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì. “Five goats”: “five” ti sọ ọ́, s tún un sọ. Ìdí rèé tí ọmọ wa tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé “one of my friend”. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ òun pọ̀. Lọ́kàn rẹ̀, “one of” ti jíṣẹ́ náà tán, kí ló tún kù tí ẹ̀sì máa wá ṣe?

“Àwọn” tiwa gan-an sì ní ìṣòro tirẹ̀. “Àwọn bàbá mi ti dé” lè jẹ́ bàbá mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ bàbá kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Mo mọ ọmọ kan tó kọ “my fathers are coming” sínú lẹ́tà tí olùkọ́ ní kí wọ́n kọ. Olùkọ́ fa ìlà pupa sí i. Ọmọ náà kò purọ́, kò sì ní ju bàbá kan lọ. Ẹ̀kọ́ ilé ló gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

Bó bá kan ọ̀rọ̀ ẹni tó ni nǹkan, àwa máa ń gbé ohun náà síwájú, olóhun á tẹ̀ lé e: ilé bàbá, aṣọ ìyàwó, oko ẹ̀gbọ́n. Gẹ̀ẹ́sì mú olóhun ṣáájú, ó sì fi s sí i nídìí: “father's house”. Ẹ̀sì kejì nìyẹn. Èyí tó ń sọ pé wọ́n pọ̀ àti èyí tó ń sọ pé tiwọn ni, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń dáhùn. Báwo ni èdè kan ṣe wá gbé iṣẹ́ méjì lé lẹ́tà kan ṣoṣo lọ́wọ́?

Ká padà sẹ́yìn bí ẹgbẹ̀rún ọdún, ṣáájú 1066 tí àwọn ará Normandy wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn, “stān” ni òkúta. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ó di “stānas”. Bí nǹkan bá jẹ́ ti òkúta kan, “stānes”. Bó bá jẹ́ ti òkúta púpọ̀, “stāna”, bẹ́ẹ̀ ni “stānum” wà fún ohun tí a ń ṣe fún wọn tàbí tí a ń fi wọ́n ṣe. Etí gbọ́ ìyàtọ̀ gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó nílò kọ́mà kankan.

Ohun tó bà á jẹ́ ni bí ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, wọ́n á sì jẹ ìparí rẹ̀ mọ́nu. Lédè tiwa, gbogbo sílébù ló ní ohùn tirẹ̀, a kò lè fojú di èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá jẹ ohùn ìparí “ọkọ̀” mọ́nu ti lè pe ọkọ̀ ní ọkọ. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá, fáwẹ́lì ìparí ọ̀rọ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀, a àti e àti u ti di ohùn aláìlágbára kan ṣoṣo. “Stānas” àti “stānes” pàdé ara wọn sínú “stones”. Nígbà tó yá, e yẹn náà dákẹ́. Ẹ̀sì nìkan ló kù, bí òpó méjì tó dúró lẹ́yìn tí ògiri àárín wọn ti wó.

Ẹ̀sì ọ̀pọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Òmíràn ń fi -en ṣe ọ̀pọ̀, òmíràn ń yí fáwẹ́lì inú rẹ̀ padà, òmíràn kì í yí nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni s gba ilé wọn lọ́wọ́ wọn. William Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476, sọ ìtàn kan nípa ìjà yìí nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé kan tó tẹ̀ ní 1490. Àwọn oníṣòwò kan wọ ọkọ̀ lórí odò Thames, wọ́n ń lọ sí Zeeland. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ọkọ̀ kò lè rìn. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ohun tí wọ́n máa jẹ, ó dé ilé kan, ó ní kí wọ́n ta ẹyin fún òun. “Egges” ló pè é. Ìyá onílé ní òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, torí òun náà kò gbọ́ Faransé, ẹyin ló ń wá! Ẹlòmíì ló dá sí i pé “eyren” ni ọkùnrin yìí ń wí. Ìyá náà ní, ẹn-ẹ́n, ó yé òun wàyí. Ọmọ èdè kan náà ni wọ́n. “Egg” wá láti ẹnu àwọn ará Scandinavia tó tẹ̀dó sí apá àríwá, “ey” ni tàwọn ará gúúsù, -en sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀. A mọ èyí tó borí.

Lónìí, “oxen” nìkan nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ló di -en yẹn mú láìní àbùlà. “Children” ní ìtàn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Cild” ni ọmọ, “cildru” ni àwọn ọmọ, èyí sì di “childer”. Àmọ́ àwọn kan gbọ́ “childer”, wọn kò rí i bí ọ̀pọ̀ tó, ni wọ́n bá tún fi -en lé e. Nítorí náà “children” jẹ́ ọ̀pọ̀ lórí ọ̀pọ̀, bí ẹni wọ fìlà méjì. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá wá kọ “childrens”, fìlà kẹta ló dé e yẹn. Ẹ má bínú sí i jù, àwọn tó ni èdè ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

“Foot” àti “feet” ńkọ́? Kí Gẹ̀ẹ́sì tó di ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, ìparí ọ̀pọ̀ “fōt” ní ohùn i. Ahọ́n tó mọ̀ pé i ń bọ̀ níwájú ti ń múra sílẹ̀ láti orí o, ó ń fà á síwájú ẹnu. Nígbà tó yá, i náà kú, ṣùgbọ́n ipa tó ní lórí o kò kú. Èyí kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Fáwẹ́lì tiwa náà máa ń wo ojú ara wọn: a ní ọdẹ, a ní òde, ṣùgbọ́n a kò ní ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀ tó fi ọ bẹ̀rẹ̀ tó sì fi e parí. Méje péré ni irú “foot” yìí tó ṣì wà lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́: ọkùnrin, obìnrin, ẹsẹ̀, eyín, pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní “goose”, eku àti iná orí. Ẹ wò ó, ara ẹni àti ohun tó ń gbé inú ilé ẹni ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́ kì í tètè gba àtúnṣe. “Sheep” àti “deer” kì í yí rárá, a lè pè wọ́n ní ará ilé wa.

Ibì kan wà tí etí ti lè gbọ́ pé ẹ̀sì méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan, ó sì yẹ kí n rántí rẹ̀ níwájú ọmọkùnrin ọlọ́dà yẹn. Bí ìyàwó bá di méjì, “wife” á di “wives”, f á di v. Bí ìyàwó kan bá ní ṣọ́ọ̀bù, “my wife's shop” ni, f kò mira. Ọ̀bẹ náà bẹ́ẹ̀, “knives” fún ọ̀bẹ púpọ̀, “the knife's edge” fún ojú ọ̀bẹ kan. Ẹ̀sì ọ̀pọ̀ máa ń wọnú ọ̀rọ̀ lọ, ó ń bá a ṣe ẹbí. Ẹ̀sì ìní ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tiẹ̀ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà gbogbo agboolé: “the Ọọ̀ni of Ifẹ̀'s palace” ni wọ́n ń wí. Ààfin kì í ṣe ti Ifẹ̀ nínú gbólóhùn yẹn, ti Ọọ̀ni ni, ṣùgbọ́n ìparí gbogbo orúkọ oyè náà ni ẹ̀sì lọ jókòó sí.

Ní ti kọ́mà òkè fúnra rẹ̀, àlejò ni. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Faransé, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbà á fún ni láti sàmì sí ibi tí lẹ́tà kan ti bọ́ sọnù. Ẹni tó bá ti ka ìwé Yorùbá àtijọ́ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa: l'ọ́wọ́, n'ílé, t'ó. Níbi tí fáwẹ́lì kan bá ti gbé ìkejì rẹ̀ mì, àwọn bàbá wa á fi kọ́mà òkè ṣe àmì sàréè rẹ̀. Àkọtọ́ òde òní ti kó gbogbo wọn kúrò, a ń kọ lọ́wọ́ àti nílé láìsí ìdíwọ́. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí “kinges”, ohun tó jẹ́ ti ọba: e dákẹ́, kọ́mà òkè gba ipò rẹ̀, ó di “king's”.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sì ọ̀pọ̀ náà pàdánù e tirẹ̀, a kò sì fi àmì kankan ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé kàn fi àmì yẹn jìn ẹ̀sì ìní ni, kí ojú lè rí ohun tí etí kò gbọ́ mọ́. Wọn kò sì tètè fẹnu kò. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé gidi ń kọ “opera's” fún ọ̀pọ̀, nítorí fáwẹ́lì tó parí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn míì rò pé ìkékúrú “his” ni ẹ̀sì ìní, wọ́n ń kọ “the king his ship”, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí ní Pidgin lónìí, “oga im moto”. Èrò náà dùn, kò kàn tọ̀nà ni, torí obìnrin náà ní ẹ̀sì yìí, ta ni yóò sì pe obìnrin ní “his”? Kọ́mà tó ń jókòó lẹ́yìn ẹ̀sì, ti “ladies'” yìí, ló pẹ́ jù kó tó fìdí múlẹ̀. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ti ń lọ sópin kí àwọn onígírámà tó gbà á tọkàntọkàn.

“Its” ni mo máa ń káàánú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá ní nǹkan máa ń gba kọ́mà, ti “it” kò gbà á. Àbúrò gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n tẹ Bíbélì ọba James ní 1611, “its” kò sí nínú rẹ̀ rárá. Thomas Jefferson tó di ààrẹ Amẹ́ríkà máa ń kọ “it's” níbi tí olùkọ́ òní yóò ti fa ìlà pupa sí i. Lónìí, ẹbí “his” àti “hers” ni wọ́n kà á mọ́, àwọn wọ̀nyẹn kì í lo kọ́mà. Bí ẹ bá rí “it's”, ẹ tú u sí “it is”. Bí gbólóhùn bá dàrú, ẹ yọ kọ́mà kúrò.

Bí mo bá tún pàdé ọmọkùnrin yẹn, ọ̀nà tí mo máa fi hàn án kò ṣòro. Kọ orúkọ olóhun tán pátápátá ná, bí ìgbà tí kò ní nǹkan kan. Ṣé ọba kan ni? KING. Ṣé ọmọkùnrin púpọ̀ ni? BOYS. Nígbà tí orúkọ bá ti pé, fi kọ́mà òkè sí i. Lẹ́yìn náà ni kí o wò ó bóyá ẹ̀sì ọ̀pọ̀ ti wà níbẹ̀. Bó bá wà, iṣẹ́ parí; bí kò bá sí, fi s kan sí i. Ìdí nìyẹn tí King's College ti 1909 fi ní kọ́mà ṣáájú ẹ̀sì, tí Methodist Boys' High School, tó ti wà ní Èkó láti 1878, fi ní tirẹ̀ lẹ́yìn. “Children” ti pọ̀ láìní ẹ̀sì, nítorí náà “children's”. Ọmọ tó kọ “childrens'” ti rò pé gbogbo ọ̀pọ̀ ló ní ẹ̀sì.

Àwọn ìbejì náà ní òfin tiwọn. “Táíwò and Kẹ́hìndé's mother”: ìyá kan ló bí wọn, kọ́mà kan tó wọn. “Táíwò's and Kẹ́hìndé's shoes”: oníkálukú ní bàtà tirẹ̀, oníkálukú gba kọ́mà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ẹni sì máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, “mothers-in-law” ni, ẹ̀sì wà láàárín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá gbé àpò ìyá ọkọ kan, “mother-in-law's bag” ni, ẹ̀sì ti bọ́ sẹ́yìn.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù nílẹ̀ wa ni òde ìnáwó. Ẹ gba ike tàbí ago tí wọ́n pín níbi ìgbéyàwó, ẹ wo ara rẹ̀: “With love from The Adébáyọ̀'s”. Ti Adébáyọ̀ wo? Kí ni rẹ̀? Ó dà bíi pé wọ́n gbàgbé láti kọ nǹkan tí Adébáyọ̀ ní. Ẹbí ni wọ́n ní lọ́kàn, gbogbo àwọn Adébáyọ̀, “The Adébáyọ̀s”, kò sí kọ́mà níbẹ̀. Mo rò pé ohun tó ń fà á ni pé orúkọ wa kò jọ ohun tó yẹ kí ẹ̀sì lẹ̀ mọ́, ojú ń kọ̀ ọ́, ni wọ́n bá fi kọ́mà là wọ́n láàárín. Èrò ọkàn àwọn tó ń kọ “opera's” láyé àtijọ́ náà nìyẹn.

Àwọn tó ni èdè pàápàá kò tíì parí ìjà yìí. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí ìlà Piccadilly, yóò kọjá ní Earl's Court, ibùdókọ̀ tó kàn ni Barons Court. Ọ̀kan ní kọ́mà, èkejì kò ní. Ibùdókọ̀ míì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ St James's Park, àmọ́ pápá ìṣeré Newcastle, tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, St James' Park ni tirẹ̀. Orúkọ Jákọ́bù mímọ́ kan náà ni, orúkọ tó ti fi ẹ̀sì parí fúnra rẹ̀ máa ń gba ọ̀nà méjèèjì. Ní 2009, ìjọba ìlú Birmingham ní àwọn kò fi kọ́mà òkè sí pátákó òpópónà mọ́. Ní 2012, Waterstones tó ń ta ìwé yọ ọ́ kúrò lára orúkọ ara wọn, àwọn olólùfẹ́ gírámà sì pariwo. Bàbá kan tó ń jẹ́ John Richards, oníròyìn tó ti fẹ̀yìn tì, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2001 láti dáàbò bo kọ́mà yìí, ó sì kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀ ní 2019, nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó ní ìwà ọ̀lẹ ti borí. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ibi gbogbo kì í fẹ́ kọ́mà yìí lára orúkọ ìlú tàbí òkè láti 1890. Martha's Vineyard wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n dá tirẹ̀ padà fún.

Nǹkan míì wà tó mú ẹ̀sì yìí le fún wa, ìyẹn ni pé ẹ̀yà mẹ́ta ni lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn “cat”, s ni. Lẹ́yìn “dog”, z ni. Lẹ́yìn “church”, ó di sílébù odidi kan, “churches”. Wọn kì í kọ́ ọmọ wọn ní èyí. Ní 1958, Jean Berko, onímọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà, ya ẹranko kan tí kò sí láyé, ó pè é ní “wug”, ó fi han àwọn ọmọdé, ó wá fi méjì hàn wọ́n. Wọn kò gbọ́ orúkọ náà rí, síbẹ̀ wọ́n pe ọ̀pọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú z, bó ti yẹ gan-an. Èdè wa kò ní z, ọ̀rọ̀ wa kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. “Ice” àti “eyes” di ọ̀kan lẹ́nu wa, “price” àti “prize” náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ẹ̀sì náà, báwo ni yóò ṣe rántí láti kọ ọ́?

Kí ẹ má baà rò pé àwa kò ní irú rẹ̀, ẹ pe gbólóhùn méjì yìí sókè. “Mo rí tíṣà Délé.” Ìyẹn ni pé tíṣà náà ń jẹ́ Délé. Ẹ wá sọ pé ẹ rí tíṣà tó ń kọ́ Délé. Bí ẹ bá fetí sí ẹnu ara yín, “tíṣà a Délé” lẹ máa gbọ́. Fáwẹ́lì ìparí gùn sí i, ohùn rẹ̀ sì wà láàárín, kò lọ sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. “Dókítà Bọ́lá” kì í ṣe “dókítà a Bọ́lá”. Ọ̀kan ń tọ́jú èèyàn, èkejì ń tọ́jú Bọ́lá. Ó máa ń yọjú nígbà tí orúkọ olóhun bá fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé, a kì í sábà kọ ọ́. Tiwọn jẹ́ àmì tí ojú ń rí tí etí kò gbọ́, tiwa jẹ́ èyí tí etí ń gbọ́ tí ojú kò rí. Ọmọ tó dàgbà sínú èkejì ni a gbé síwájú èkínní, tí a sì ń lù ú nítorí kọ́mà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ ká pè ní ọ̀pọ̀ náà kò rọrùn. Samuel Johnson kọ “The History of the Yorubas”, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921; ó fi ẹ̀sì sí wa lára. Àwọn òpìtàn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń kọ “the Yoruba”. Owó wa tó dé ní 1973 kọ ẹ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀: “five naira” ni, kì í ṣe “nairas”. Gẹ̀ẹ́sì sì ní àwọn ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ ká kà wọ́n rárá. Àwa ń ka ẹrù, a ń ka ìmọ̀ràn, a ń ka ìròyìn, nítorí náà la ṣe ń sọ “luggages” àti “advices” àti “a news”. Lójú tiwọn, omi ni gbogbo wọn, ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n á kọ́kọ́ wá ife.

Èyí ló fa àríyànjiyàn ìkẹyìn lábẹ́ pákó yẹn. Ọmọkùnrin náà ti kọ LADIES', ó tẹ̀ síwájú, ó kọ WEAR, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, rópù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó wò ó títí.

“Ẹ̀sì dà níbẹ̀?”

Mo ṣàlàyé pé “wear” kì í gba ẹ̀sì, pé bí omi ni. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí wọ́n ná owó ilé ẹ̀kọ́ lé lórí tí kò rí nǹkan kọ́.

“Ṣé ẹyọ aṣọ kan ni mo máa ń rán ni?”

Ọmọkùnrin náà kò dúró gbọ́ ìdáhùn mi. Lẹ́tà kan sí i, owó kan sí i. Pákó náà wà níbẹ̀ títí dòní, LADIES' WEARS, kọ́mà òkè rẹ̀ jókòó síbi tó yẹ ẹ́. N kò tíì rí oníbàárà kan tó gbójú sókè kà á. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tí wọ́n ń bèèrè ọ̀nà, ohun tí wọ́n ń wí ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ṣọ́ọ̀bù u Màmá Títí?”